Ọgọ́rùn-ún Iṣu, Ọgọ́rùn-ún Irọ́

Ìbéèrè kan ti sú mi ní Ìbàdàn yìí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èrè wà nínú adìẹ? Ṣé ẹ̀gẹ́ ń pa owó wọlé?” Ẹni tó ń bèèrè ti ń ṣe é láti èṣí o! Ẹ bi í pé èló ló ná, èló ló rí, á ní, “À ṣáà ń rí nǹkan díẹ̀díẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Èyí tó burú jù nínú irọ́ oko ni èyí tí olóko ń pa fún ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan ra pulọ́ọ̀tì 6 lọ́nà Àkànrán, ó ń sọ kiri pé òun ní ékà 1. Ẹnu àwọn tó ń ta ilẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Pulọ́ọ̀tì 6 ń jẹ́ ékà 1 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Tirẹ̀ jẹ́ 50 sí 100, irú èyí tí ékà 1 fi ń gbà tó 9. Ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn ní mítà kan síra, ìdí bíi 4,000 ló ń gba ékà. Ilẹ̀ tirẹ̀ kò lè gbà ju 2,800 lọ. Ó ra igi ẹ̀gẹ́ ékà 1, ó da oògùn koríko ékà 1 sórí ilẹ̀ tí kò tó ékà, ó sì bá oníṣòwò gàrí dúnàádúrà lórí ékà 1. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, ẹ̀gẹ́ ò kún ọkọ̀. Ó ní àwọn ará abà ló jí òun ní ẹ̀gẹ́ wà. Ìdí ẹ̀gẹ́ 1,200 tó jẹ́ irọ́, ta ló jí i?

Àwọn baba wa tó ń ti Ọjà'ba lọ sí abà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n igba-igba ni wọ́n ń ka ebè fún alágbàro, wọn a sì fa ìlà sára ògiri. Ìlú tí Moor Plantation, ọgbà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà láti 1899, tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, wà láti 1967, kí àgbẹ̀ ibẹ̀ má mọ ọjọ́ tó gbin àgbàdo! Kòkòrò fall armyworm tó wọ Nàìjíríà ní 2016 tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, ìgbà tó bá ṣì kéré loògùn ń ràn án. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí àgbàdo rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ti adìẹ ló dùn mí jù. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi ní adìẹ ayéyin 500 ní Mọ́níyà. Adìẹ tó ń yé ń jẹ bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. 500 á jẹ kílò 60, ìyẹn báàgì oníkílò 25 méjì àti kílò 10. Ọmọ tó ń tọ́jú wọn ń tú báàgì 3 lójoojúmọ́. Kílò 15 ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, báàgì 18 lóṣù! Orí fóònù ni ìyá ti ń bèèrè pé, “Ṣé wọ́n ti jẹun?” “Wọ́n ti jẹun, mà.”

Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ẹ̀yin àgbẹ̀ orí fóònù ni mò ń bá wí. Bí o kò bá lè máa gbé oko, máa lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ní kí wọ́n kó báàgì tó ti ṣófo síta, kà á. Ra ìwé kan. Kọ oúnjẹ tó wọlé, adìẹ tó kú, ẹyin àárọ̀, ẹyin ọ̀sán. Bí 500 bá ń yé 400, kíréètì 13 àti ẹyin 10 nìyẹn. Tó bá já sí kíréètì 11, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ olè, má ṣe dúró dìgbà tí oṣù bá parí.

Ẹyin tí o fi ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ, kọ ọ́. Adìẹ tí ẹ pa lọ́jọ́ ọdún, kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ ṣe láìgba kọ́bọ̀, owó ni, kọ ọ́! Ẹni tó ní òun ò ráyè kọ̀wé, tó sì ń ráyè ṣírò tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù látàárọ̀ dalẹ́, kó tètè ta àwọn adìẹ náà nígbà tí wọ́n ṣì sanra.