Ta ló máa san owó páànù?

Sátidé tó kọjá, mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Bíríkìlà kan wà lórí àkàsọ̀ níwájú ilé tó kọjú sí tiwọn, ó ń fi òòlù gbẹ́ òdòdó tí wọ́n mọ yí fèrèsé òkè ká. Ewé àti èso àjàrà ni, ọwọ́ ló sì mọ gbogbo rẹ̀. Ó ń já bọ́ sínú gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbẹ́ kúrò ni?"

"Bọ̀dá, wíńdò alumíníọ̀mù ni wọ́n fẹ́. Òdòdó yìí ò ní jẹ́ kó jókòó."

Kí ni n óò bá a jà sí? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àtàwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé bíi kápẹ́ńtà àti bíríkìlà, ló kọ́ irú ilé yìí sí Èkó; àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, atẹ́gùn á gba àárín ilé kọjá. Bí NEPA mú iná lọ, ẹ ò ní mọ̀.

Ẹ rántí Ilojo Bar, irú ilé yìí kan, ní Tìnúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ìdílé Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba!

Nígbà náà, èmi náà wà lára àwọn tó ń bú gbogbo ẹni tó bá ní ilé àtijọ́ tó sì fẹ́ tà á. Mo ti ṣíwọ́. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí. Bàbá bàbá kú, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ, ọmọ-ọmọ. Ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan ní Ìpájà, ọ̀kan ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òrùlé ń jò. Ní ìpàdé ẹbí, ta ló máa kọ́kọ́ kówó sílẹ̀? Ibẹ̀ ni oníṣòwò ilé á ti wọlé, á ní òun á fún olúkúlùkù ní fúláàtì. Òfin lè ní kí wọ́n má wó o, ṣùgbọ́n òfin ò gbé páànù kan ṣoṣo wá.

Àwọn tó sì fẹ́ tún un ṣe gan-an ló ń pa á. Amọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri yẹn. Bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi tó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ ò ní ríbi jáde mọ́, amọ̀ á rọ̀, símẹ́ǹtì á sì ṣí kúrò bí èèpo. Wọ́n á wá ní ilé ti gbó. Bíríkìlà mélòó ló ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹfun (lime), tó máa ń jẹ́ kí omi ríbi jáde, rẹ́ ògiri?

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ Àgùdà náà ló wà lára rẹ̀, ó ṣì dúró. Àwọn èèyàn ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí òrùlé bá jò, orí wọn ni yóò jò sí.

Bí ìjọba bá fẹ́ kí ilé ẹbí náà dúró, kí wọ́n yọ owó orí ilé fún wọn, kí wọ́n sì dá sí owó òrùlé. Pátákó ohun ìrántí nìkan ò tó.

Mo ṣa ewé àjàrà kan nínú gọ́tà. Nígbà tí mo gbé e wọlé, àǹtí mi wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi pàǹtí ṣe? Wo orí mi níbí." Wọ́n nawọ́ sí àjà, bẹ́sìnnì sì wà lábẹ́ ibi tó ń jò. "Bó o bá ń lọ, fi owó páànù sílẹ̀."