Bọ́tìnnì Kẹta Ti Lọ, Owó Ti Gòkè

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù fíńtéèjì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ àtijọ́, mo júbà yín o. Mo ti rí àwọn tó ń ta ohun tó dáa, mo ti rí àwọn tó ń ta ohun tí ò dáa tí wọ́n ń búra pé ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ta ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá fún mi wò, tí owó ẹ̀ sì tún wọ́n ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ọgbọ́n yìí ga. Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n kọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Oorun ò wá, mo ń fi àtàǹpàkò fa fóònù sókè fà á sílẹ̀, ni mo bá kan kádígàànì aláwọ̀ búráùn kan. Bọ́tìnnì mẹ́fà ló yẹ kó wà níwájú ẹ̀. Mo kà á, márùn-ún. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, mo tún un kà, márùn-ún náà ni. Ẹ̀kẹta látòkè ti já, òwú tó dè é mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ta gọ́ńgọ́ síbẹ̀ bí irun imú bàbá arúgbó. Mo ní kò burú, ṣebí aṣọ àlòkù ni, wọ́n á ti yọ nǹkan kúrò nínú owó ẹ̀. Ni mo bá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, ó ní bọ́tìnnì kan ti rin ìrìn àjò tiẹ̀ lọ, àwọn ò sì fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ torí àwọn fẹ́ kí ìtàn aṣọ náà wà bó ṣe wà.

Ìrìn àjò!

Bọ́tìnnì ló rìnrìn àjò o. Níbo ló lọ? Ta ló sìn ín sọ́nà? Ṣé ó dágbére fáwọn márùn-ún tó kù ni, àbí òru ló fi bọ́ sílẹ̀? Mo sùn mo jí, bọ́tìnnì yìí ni mo ń rò. Bóyá ó ti dé ibi tó ń lọ. Bóyá ara kóòtù olówó kan ló wà báyìí tó ń sọ fáwọn bọ́tìnnì ibẹ̀ pé ẹ̀yin ò mọ ibi tójú mi ti rí, kádígàànì ni mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ihò bọ́tìnnì wá ńkọ́? Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó bèèrè ihò. Òun ṣì wà lódìkejì níbẹ̀, ó lanu sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹni tó ń retí ò bọ̀ mọ́.

Kádígàànì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ìkànnì kan náà, àwọ̀ kan náà, bọ́tìnnì ẹ̀ pé mẹ́fà géérégé, owó tiẹ̀ ò tó ti oníbọ́tìnnì márùn-ún. Mo wá jókòó mo ṣe ìṣirò. Tí ẹyọ kan bá lọ tí owó gòkè báyìí, tí méjì bá wá lọ ńkọ́? Tí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá gbéra lọ́jọ́ kan náà, ṣé inú ilé ìṣúra ni wọ́n máa gbé aṣọ yẹn sí? Mo dìde lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ni mo bá níbẹ̀, bọ́tìnnì wọn pé. Mo ti ń tọ́jú òṣì láìmọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bọ́tìnnì kan bá já lára aṣọ ilé-ìwé mi, ìyá mi ò pè é ní ìtàn. Ẹni tí mo bá jà ló máa ń bèèrè. Tí mo bá ní mi ò bẹ́nì kan jà, á ní kí n padà lọ wá bọ́tìnnì náà wá kílẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kan wà tí mo rákòrò káàkiri pápá ìṣeré títí orúnkún mi fi bó, mi ò rí bọ́tìnnì, iyanrìn lásán ni mo rí. Nígbà tí mo délé, ó gbé àgolo bísíkíìtì tó ń kó òwú àtabẹ́rẹ́ sí sílẹ̀ (gbogbo yín lẹ mọ àgolo yẹn, a ti ṣí i rí tá a rò pé bísíkíìtì ló wà nínú ẹ̀), ó fi òwú dúdú rán bọ́tìnnì búlúù mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Odindi sáà kan ni wọ́n fi pè mí ní Olójú Kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ mi o. Kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Ẹ má sọ pé mi ò mọ wàhálà tó wà nídìí iṣẹ́ yín. Ẹni tó ń ta aṣọ tuntun, fọ́tò kan ló máa ya, á fi fọ́tò yẹn ta igba ẹyọ, á tún sùn. Tiyín, ẹyọ kan ṣoṣo ni, tó bá ti tà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa ki onírun àgùntàn bọ inú fírísà kí ẹyin kòkòrò ajẹṣọ lè kú síbẹ̀, ẹ máa sá a sáféfẹ́ kí òórùn káńfọ̀ lè rọlẹ̀, ẹ máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ máa ya iwájú, ẹ máa ya ẹ̀yìn, ẹ máa ya lébẹ̀lì, ẹ máa ya ibi tó ti ya. Ẹ máa tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ẹ máa wọ̀n ọ́n láti abíyá dé abíyá, kásítọ́mà á tún bèèrè pé ṣé ìwọ̀n àyà nìyẹn, ẹ máa ṣàlàyé pé kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò ní sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, aṣọ á dé, kò ní wọlé, ẹ̀yin ló máa bú. Gbogbo èyí lórí ẹyọ kan. Mo káàánú yín, tọkàntọkàn ni.

Àmọ́ ẹni tó lè ṣe gbogbo wàhálà yìí, tó lè wá ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò fi wé aṣọ, tó lè lẹ sítíkà mọ́ ọn, tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kékeré sínú ẹ̀, bọ́tìnnì ẹyọ kan ni ò lè rán? Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Mo ti rán an rí, mo mọ̀.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ fíńtéèjì yìí gan-an, ọwọ́ àwọn ọlọ́tí wáìnì lẹ ti yá a. Ọdún tí wọ́n ká àjàrà ni wọ́n ń sọ. Ó dáa, ẹ ti yá a, àmọ́ èwo nínú àwọn ọlọ́tí yẹn ló máa gbé ìgò tó ti di àbọ̀ wá sọ́jà kó ní ìyókù ti rìnrìn àjò? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan fún mi.

Wọ́n ṣáà ní òfin ẹ̀ ni pé kí nǹkan ti pé 20 ọdún kó tó di fíńtéèjì, bí Etsy, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ṣe là á sílẹ̀ fáwọn tó ń tajà níbẹ̀ nìyẹn. Etsy fúnra ẹ̀, 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ bá mi kà á lórí ìka, ọlọ́jà gan-an ti di ọjà. Èmi ní ṣòkòtò kan tí mo rà ní 2004, tí mo ṣì ń pè ní ṣòkòtò tuntun, òun ni mo máa ń wọ̀ tí mo bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo múra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ìkejì ẹ̀ lórí ìkànnì kan, wọ́n ní ó jẹ́ ìrántí ayé àtijọ́. Ayé àtijọ́ wo? Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé!

Ibi tó ti wá dùn mí gan-an ni ti jákẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ ta jákẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ní ọdún 1974, ojúlówó, ọ̀kan ṣoṣo ló kù láyé. Mo sanwó. Ó dé nínú páálí, ìwé àlùkò, sítíkà, lẹ́tà tó ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gba aṣọ yìí là. Orí mi wú. Mo gbé e wọ̀, mo dúró síwájú dígí, mo ń rìn bí ọmọkùnrin inú sinimá. Nígbà tí mo bọ́ ọ, mo ní kí n wo inú kọ́là, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ni wọ́n kọ sára lébẹ̀lì. Www, dọ́ọ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́, dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù. Ní 1974! Tim Berners-Lee tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, 1989 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àbá ẹ̀ sórí ìwé. Tẹ́lọ̀ tó rán jákẹ́ẹ̀tì mi, wòlíì ni.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní ẹ̀mí ọdún sẹ́fíńtì ló wà nínú ẹ̀. Mo ní ẹ̀mí kọ́ ni mo sanwó fún, jákẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní àwọn kì í gba fíńtéèjì padà. Mo ní kì í ṣe fíńtéèjì nìyẹn, bí mo ṣe ń wí gan-an nìyẹn. Ó fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí mi, ó sì tilẹ̀kùn.

Ọ̀lẹ ni yín. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ewì fún bọ́tìnnì tí kò sí, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka lébẹ̀lì tó wà. Lébẹ̀lì ń sọ̀rọ̀! Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ Made in West Germany, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣáájú ìparí 1990, torí ọdún yẹn ni Jámánì méjèèjì padà di ọ̀kan, kí lẹ wá ń pè é ní 1998 sí? Táàgì pupa kékeré ẹ̀yìn ṣòkòtò jíǹsì Levi's, lẹ́tà E ńlá ló wà nínú orúkọ yẹn títí di 1971 kó tó di e kékeré, àmọ́ wọ́n tún ti ń rán oní-E-ńlá tuntun jáde, nítorí náà ẹ má kàn rí E kẹ́ ẹ dákú. Ní Amẹ́ríkà, 1972 ni òfin tó ní kí wọ́n máa rán àlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ mọ́ aṣọ lára bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀yin á gbé gáùn ibẹ̀ kan jáde, ẹ ní ọdún fífítì ni, àlàyé fífọ̀ ń fì nínú ẹ̀ bí àsíá. Ẹ ò tiẹ̀ fura.

Ti síìsì ńkọ́? Síìsì 12 àtijọ́ kọ́ ni síìsì 12 òde òní, nọ́ńbà ò yí padà àmọ́ aṣọ abẹ́ ẹ̀ ti ń fẹ̀ sí i láti ọjọ́ pípẹ́ wá, gbogbo ẹni tó ń tà á ló yẹ kó mọ̀. Àbúrò mi obìnrin ra gáùn kan, 12 ló wà lára ẹ̀, 12 náà ló ń wọ̀, kò bèèrè ìwọ̀n, ẹni tó tà á ò sì sọ. Ó há sí i lórí, ọwọ́ méjèèjì wà lókè, ojú ò ríran, ó ń pè mí látinú gáùn. Èmi àtọkọ ẹ̀ la fà á jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ya ṣáá. Mo ní kó má rán an, ìtàn ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kádígàànì, torí mi ò tíì bá bọ́tìnnì yẹn parí. Àgolo ìyá mi wà lọ́wọ́ mi dòní. Mo dà á sórí tábìlì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wá inú ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, mo rí i: búráùn, oníhò mẹ́rin, ìwọ̀n kan náà. Mo gbé e sórí ìdérí àgolo, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo kọ̀wé sí oníṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí, mo ní bọ́tìnnì tó jọ ti aṣọ yín, mi ò gba kọ́bọ̀, ẹ kàn fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.

Ó dáhùn kíákíá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an sà, Ọlọ́run á bùkún yín. Ṣùgbọ́n tá a bá rán òmíràn mọ́ ọn, kò ní jẹ́ ojúlówó mọ́."

Mo ní bọ́tìnnì mi dàgbà ju ìwọ fúnra ẹ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti kọ TI TÀ sórí kádígàànì. Ẹnì kan láyé yìí ti sanwó kó lè máa gba atẹ́gùn sáyà láti ihò kẹta.

Mo wò ó pé ọ̀rọ̀ parí. Mo kó bọ́tìnnì padà sínú àgolo, ìgbà yẹn ni mo wá rí i bí ìdérí ẹ̀ ṣe dógùn-ún tó nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ojú tì mí, pé irú nǹkan báyìí ni mo gbé síwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo fi ọṣẹ àti iyanrìn bó o títí ó fi ń dán bí awo tuntun, àwòrán òdòdó tó wà lórí ẹ̀ náà bá a lọ.

Lánàá ni iṣẹ́ ẹ̀ tún wọlé. "Ẹ kú ilé sà. Àgolo tó wà nínú fọ́tò yẹn, ṣé ẹ lè tà á fún wa? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọ̀ ọ́ o, bó ṣe dógùn-ún yẹn gan-an la fẹ́." Ó wá kọ iye tó máa san sísàlẹ̀. Mo ka òdo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ka bọ́tìnnì.

Mo ti ya òmíràn ránṣẹ́ sí i, bó ṣe ń dán. Ó ti rí i. Kò tíì fèsì.