Ẹyọ sìgá kan lójúmọ́ kì í ṣe díẹ̀

Gbólóhùn kan wà lẹ́nu àwọn amusìgá tí mi ò lè fara mọ́: "Mo ti dín in kù, ẹyọ kan péré ni mò ń mu lójúmọ́ báyìí." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ti san gbèsè tán. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018: ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń gbé ka orí ẹni tó ń mu 20 lójúmọ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló wà lórí ẹni tó ń mu ẹyọ kan ṣoṣo. Ìdajì o, kì í ṣe ìdá kan nínú 20!

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń tẹ̀ lé iye ẹyọ àti iye ọdún. Ti ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín díẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì, kí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sì bà jẹ́. Carbon monoxide tún wà nínú èéfín náà, èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé ọ́síjìn tó, ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekún.

Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ti ka títa sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá gáréèjì, ẹ ó rí páálí tí wọ́n ti já, pẹ̀lú láítà tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi fún oníbàárà. Ẹni tó ń rà á lẹ́yọ kì í mọ iye tó ń mu, òun gan-an ló sì máa ń sọ pé òun ti dín in kù.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, kí ẹ dá a dúró pátápátá lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá lágbára owó, kó bi apoògùn nípa ṣingọ́ọ̀mù níkotíìnì (níkotíìnì ni èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, ṣingọ́ọ̀mù náà á fún ara ní díẹ̀ láìsí èéfín): miligíráàmù 4 fún ẹni tó máa ń tan sìgá àkọ́kọ́ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tó jí, 2 fún ẹlòmíì. Àṣìlò ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ ṣáá, wọ́n á gbé itọ́ rẹ̀ mì, inú á máa rú wọn, wọ́n á ní kò dáa. Ẹ rọra rún un títí yóò fi máa ta yín lẹ́nu, kí ẹ wá tì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí títa náà bá rọlẹ̀, ẹ tún un rún, títí di bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ má mu kọfí tàbí mínírà ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kíkan wọn kì í jẹ́ kí èrìgì fa níkotíìnì náà. Aláboyún àti ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí kò bá sówó, pákò wà. Ìgbà tí sìgá bá ń wù yín gidi kì í sábà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹ fi pákò há ẹnu, ẹ mu omi, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Inú á máa tètè bíni, oorun á dá, ìgbẹ́ lè le (àwọn tí sìgá ń bá lé ìgbẹ́ láàárọ̀ mọ èyí dáadáa), nítorí náà ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ. Ikọ́ pàápàá lè pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀fóró ti ń gbá ìdọ̀tí jáde. Ọ̀pọ̀ máa ń gbà pé àìsàn ló dé, wọ́n á padà sídìí sìgá.

Ìdí ọtí àti paraga ni wọ́n ti máa ń ṣubú jù. Ẹ yẹra fún un fóṣù kan. Ẹni tó bá sì yẹsẹ̀ tó mu ẹyọ kan, kó má sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Kó ju èyí tó kù nù lójú ẹsẹ̀, kó wo ibi tó ti mu ún àti ẹni tó fún un, kó má sì dé ọ̀dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.