Òfin Kejìdínlógún Ṣì Wà Níbẹ̀

Ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀, Advanced Custom Fields (ACF), ọ̀kan lára àwọn plugin, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń so mọ́ ìkànnì tí wọ́n fi WordPress ṣe, sì ti padà sọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2024 tí Adájọ́ Araceli Martínez-Olguín ti pàṣẹ ní California pé kí Matt Mullenweg àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Automattic, dá plugin náà padà fún WP Engine, ilé iṣẹ́ tó ni ín, la ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ ni adájọ́ pa, àárín àwọn tó ń jà ló sì pa á sí. Gbólóhùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba plugin náà ṣì wà nínú òfin àká WordPress.org, ibi tí wọ́n ń kó plugin sí, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn àṣẹ yẹn, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn àká náà: kò sí ìforúkọsílẹ̀ tuntun, wọn ò gba plugin tuntun mọ́, iṣẹ́ àyẹ̀wò dúró. Ọjọ́ wo ni wọn yóò ṣí i nígbà náà? Wọn ò dá ọjọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mullenweg ní òun ń retí pé òun yóò rí àyè, agbára àti owó láti ṣí i nínú ọdún tuntun; wọ́n sì ṣí i padà ní 2025.

Kí ìjà yìí tó dé rárá la ti ń pariwo òfin kejìdínlógún. A ó tún pariwo rẹ̀.

Òfin méjìdínlógún ló wà nínú àká náà. Mẹ́tàdínlógún àkọ́kọ́ ń bá ẹni tó ń ṣe plugin wí: kí kóòdù rẹ̀ bá ìwé àṣẹ GPL mu, kó ṣe é kà fún ojú ènìyàn, kó má ṣe máa ṣọ́ àwọn tó ń lò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìkejìdínlógún ni ti àwọn aláṣẹ fúnra wọn. Ó ní wọ́n lè yí òfin padà nígbàkigbà. Wọ́n lè yọ plugin kúrò lórí àtẹ, kódà fún ìdí tí kò sí nínú òfin kankan. Wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe plugin, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n sì lè fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀ láìbi í, bó bá ti jẹ́ nítorí ààbò gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan làwọn yóò máa lo agbára náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sì ni. Ìlérí náà kò sọ iye ọjọ́ tí ẹni tọ́rọ̀ kàn ní láti fèsì, kò sì sọ ibi tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2024 la rí bí ọ̀wọ̀ yẹn ṣe rí. Ẹni tó ti ń lo Advanced Custom Fields lórí ìkànnì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tẹ bọ́tìnnì àtúnṣe bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa tẹ̀ ẹ́ tán, Secure Custom Fields ni orúkọ tó bá níbẹ̀. Àdírẹ́sì ojú ewé plugin náà nínú àká kò yí padà, advanced-custom-fields náà ni. Ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn ti fún un wà níbẹ̀. Iye ìkànnì tó ń lò ó, tó lé ní mílíọ̀nù 2, wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba àtúnṣe fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan.

Ìdí méjì ni wọ́n sọ: àléébù ààbò wà nínú kóòdù, wọ́n sì fẹ́ yọ ìpolówó ẹ̀yà olówó kúrò nínú rẹ̀. Ààbò wo? Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ ti WP Engine, tó ni ACF, mọ́ ìta (wọ́n ṣí i fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì tún tì í bí oṣù Kẹwàá ṣe wọlé). Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ ara wọn gbé àtúnṣe sínú àká. Ẹni tí ẹ tì mọ́ta, ẹ tún ń bi í pé kí ló dé tí kò gbá inú ilé! Ti ìpolówó ńkọ́? Àìmọye plugin inú àká náà ló ń polówó ẹ̀yà olówó tirẹ̀, òfin kò sì kà á léèwọ̀, bí kò bá ṣáà ti gba gbogbo ojú pátákó ìṣàkóso.

Àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn ní GPL gba ẹnikẹ́ni láyè láti da kóòdù kọ. Òótọ́ ni. Ẹ dà á kọ. Ẹ sọ ẹ̀dà yín lórúkọ, ẹ wá ojú ewé tirẹ̀ fún un, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo bí tàwọn yòókù. A ò tíì rí ibi tí GPL ti ní kẹ́ ẹ kó oníbàárà ẹni mọ́ kóòdù rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá yẹn kan náà ni wọ́n fi àpótí kékeré kan sí ojú ewé ìwọlé WordPress.org: ẹni tí kò bá fàmì sí i pé òun kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú WP Engine kò ní wọlé. Ẹni tí WP Engine gbé iṣẹ́ fún rí, kí ni kó fàmì sí? Nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀: kéèyàn fàmì sí i pé ọ̀pẹ̀yìnbó dùn lórí pizza. Ó yé wa pé wọ́n fẹ́ ká rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

WP Engine ní owó agbẹjọ́rò. Ẹni tó ń dá plugin ṣe nínú yàrá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára fún. Ní 2022, wọ́n ṣàdédé yọ àwòrán tó fi ń mọ̀ bóyá iye àwọn tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i; ìgbà tí kò rí i mọ́ ló tó mọ̀. Ní 2023, plugin tó ń dúró de àyẹ̀wò lé ní 1,000. Ó fi fáìlì zip ránṣẹ́, ó dúró. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ímeèlì dé pé orúkọ ọjà ẹlòmíì ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ plugin rẹ̀, kó lọ yí i padà. Ó yí i padà, ó tún dúró. Bí wọ́n bá wá fọwọ́ sí i tán, kò sí bó ṣe lè pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ láé.

A ò ní kí wọ́n má yẹ plugin wò. Ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn ọ̀daràn wọ àkáǹtì àwọn kan tó ń ṣe plugin, wọ́n sì fi kóòdù burúkú sínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá sọ ìwọlé onípele méjì di dandan láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, a gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lójú àwọn aláṣẹ yìí, gbogbo ẹni tó bá ṣàròyé ni òròmọdìẹ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ikú, tó ń sọ pé wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn jẹ̀. Àṣá la ní kí wọ́n lé. A ò ní kí wọ́n gbé adìyẹ oníadìyẹ sínú àgò tiwọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì rò tẹ́lẹ̀ pé àjọ WordPress Foundation ló ni àká yìí. Mullenweg fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé òun lòun ni WordPress.org. Ọ̀gá Automattic, tó ń bá WP Engine du ọjà, náà ni. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Èwo wá ni ti olùfisùn tó tún jókòó sórí àga adájọ́?

Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin kejìdínlógún pé wọ́n lè gbé plugin ẹni fún ẹlòmíì, àfi bí ẹni tó ṣe é bá ti pa á tì tàbí tó bá fọwọ́ sí i. Bí ewu bá wà, kí wọ́n ti plugin náà pa fúngbà díẹ̀. Wọ́n lágbára ẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ fún ẹni tó ni ín, kí àwọn tí kì í gbowó oṣù lọ́dọ̀ Automattic sì wà lára àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìgbà mélòó ni ká tó sọ ọ́?

Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn padà, òfin kejìdínlógún sì wà bó ṣe wà. Wọ́n ráyè kọ àpótí ọ̀pẹ̀yìnbó. Wọn ò ráyè pa ìlà méjì rẹ́.