Àwọn Olóyè Àkàtúnkà Ilé-Ifẹ̀

Oyè kò wọ́n wa ní Ilé-Ifẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èyí tó gbòde báyìí kò gba ewé akòko, kò gba ìwúyè, Ààfin kò sì mọ ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ kò ní pa màlúù fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó ti ka ìwé kan náà lákàtúnkà, kí ó mọ iye ìgbà tó kà á, kí ó sì wá ọgbọ́n tí iye náà yóò fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó kí i tán. Ìwé náà kì í ṣe Bíbélì, kì í ṣe Kùránì, kì í sì í ṣe ìwé tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Ìtàn àròsọ ni, yálà irú èyí tí àwọn ẹ̀dá àràmàǹdà ti ń bá ara wọn jà nítorí òrùka, tàbí irú èyí tí àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan nínú àwọn olóyè náà ní Lágere, tí ẹ sì ṣèèṣì wí pé òjò fẹ́ rọ̀, yóò dáhùn pé irú ojú ọ̀run báyìí gan-an ló wà nínú ìwé kan tí òun ń kà lọ́wọ́ nígbà kẹsàn-án.

Ìpele wà nínú oyè náà. Ẹni tó ka The Lord of the Rings lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì jẹ nǹkan kan. Wọn a kí i kú ìgbìyànjú, wọn a sì yíjú sí ẹlòmíràn. Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún ní àga. Tó bá ti pé ẹ̀ẹ̀meje, ó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ bó bá dán irú rẹ̀ wò nílé, ìgbakọ ni ìyá rẹ̀ yóò fi dá a lóhùn. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa èdè ní Oxford, ló kọ ìwé tí à ń wí yìí; ìdìpọ̀ mẹ́ta ni wọ́n pín in sí nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954 àti 1955, ó sì ju ẹgbẹ̀rún ojú ìwé lọ. Èmi kò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó sọ ìdìpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni mo ní í bá sọ̀rọ̀.

Ìṣirò wọn ni kí ẹ wá gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò Mayfair tí mo mọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ṣí èèpo ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ẹ ó rò pé káàdì alájọ ni ẹ̀ ń wò: ó fa ìlà, ó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tó parí, ó sì fọwọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ó ka àwọn orin inú ìwé náà ní gbogbo ìgbà mọ́kànlá náà, nítorí pé orin inú rẹ̀ ju ti ìsọjí lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé láàárín àwọn, ẹni tó bá fo orin kò fo ìwé. Mo ní bí oorun bá gbé ènìyàn lọ ńkọ́? Ó ní bí ìwé bá ti ṣí sílẹ̀ lórí àyà rẹ̀, ojú ìwé náà ti wọ ìṣirò. Ẹni tó gbọ́ ọ láti inú fóònù nígbà tó ń lọ aṣọ gba ìdajì, àyàfi bí aṣọ náà bá jẹ́ agbádá, tí lílọ̀ rẹ̀ pẹ́ tó láti gbọ́ orí kan tán. Nígbà náà, ó gba odidi. Wọ́n ti jiyàn títí lórí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdìpọ̀ kejì nítorí pé ẹnì kan yá ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ tí kò dá a padà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fẹnu kò. Gbogbo òfin yìí ni ọmọ tí kò lè sọ iye oṣù tó jẹ onílé rẹ̀ mọ̀ lórí.

Sinimá ló da ìṣirò náà rú. Láàárín 2001 sí 2003 ni Peter Jackson gbé sinimá mẹ́ta jáde láti inú ìwé náà, láti ìgbà náà sì ni àwọn kan ti ń jókòó gẹ́gẹ́ bí òǹwòran, tí wọ́n sì ń dìde gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé. Àwọn olóyè gidi ti wá ohun tí wọn yóò fi máa mú wọn. Wọn a rọra béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rò nípa Tom Bombadil?" Bombadil wà nínú ìwé, ẹ̀bá igbó ló ń gbé, ó ń kọrin, ó ń fò sókè fò sílẹ̀, òrùka tó ń da gbogbo ayé láàmú kò sì rí nǹkan kan fi í ṣe. Ṣùgbọ́n Jackson kò fi í sínú sinimá. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé sinimá nìkan ló wò yóò mi orí, yóò sì ní, "Ọkùnrin yẹn burú o, òun ló dà wọ́n." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì kan tó wọ kóòtù fún wọn ní èsì yìí gan-an, níwájú ọmọbìnrin tó ń wá ojú rere rẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì bu omi mu. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà ni pé ojú ọ̀dọ́mọkùnrin Mayfair kò balẹ̀, nítorí pé orin Bombadil wà lára àwọn tó ti ń fò láti ọjọ́ yìí wá, ó sì fo Bombadil mọ́ ọn.

Bí ẹ bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pààrà ìwé kan, èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀: wọ́n ní ìgbàkígbà tí àwọn bá kà á ni àwọn ń rí ohun tuntun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì gbà á gbọ́ títí di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni ohun tuntun náà. Ti Mayfair sọ fún mi pé ìgbà kẹsàn-án ni òun tó kíyè sí Bill. Bill kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ajagun. Ẹṣin kékeré tó ń ru ẹrù ni, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Moria nítorí pé kò lè bá wọn wọ abẹ́ òkè. Ó ní òun sunkún. Mo ní ṣé ẹṣin náà kú ni? Ó ní rárá, wọ́n tún bá a láàyè ní ìdìpọ̀ kẹta. Mo ní ṣé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń sunkún ni? Ó wò mí bí ìkà ènìyàn, ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà kìíní. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà ni kò lọ síbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà, ó ní ọkàn òun kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn sáyẹ́ǹsì kì í bá àwọn olórùka jókòó. Wọ́n ní dírágónì kò bá òfin fíṣíìsì mu. Ìwé tiwọn ni Dune, tí Frank Herbert gbé jáde ní 1965, ìtàn ayé kan tó jẹ́ kìkì aṣálẹ̀, tí omi wọ́n níbẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń wọ aṣọ tó ń gba òógùn ara wọn, tó ń sẹ́ ẹ, kí wọ́n lè rí i mu. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn nídìí kànga ní Sábó, tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ omi ilé wọn kò yọ láti ìjẹta, tó ń fi iná fóònù ka ìwé náà nítorí pé iná ti lọ, tó sì ń sọ fún obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pé ó gba ẹ̀bùn àràmàǹdà kí ọmọ ènìyàn tó lè ronú kan ayé tí omi ti ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní, "Bùọ̀dá, ẹ fa omi yín, ilẹ̀ ti ṣú."

Bí ẹ bá bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà, wọn a na Fahrenheit 451 ti Ray Bradbury sí yín, èyí tó jáde ní 1953. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ panápaná ni kí ó máa dáná sun ìwé. Àwọn kan wá sá kúrò nílùú, olúkúlùkù sì há ìwé sórí kí ó má baà parun. Wọ́n ní nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń kà á lákàtúnkà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n há sórí kò ju èyí tí wọn yóò fi dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu níbi tó ti ń gbádùn ìtàn: "Rárá o, orí kejìlá ni, kì í ṣe orí kẹtàlá." Bí iná bá jó ìwé ayé tán lọ́la, nọ́ńbà orí ìwé nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa.

Àwọn ọmọlẹ́yìn George R. R. Martin ṣe mí láàánú díẹ̀. Ìwé karùn-ún nínú ìtàn rẹ̀ nípa ìjà ìtẹ́ jáde ní 2011, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń retí ìkẹfà, tí wọ́n ń ka márààrún padà kí wọ́n má baà gbàgbé ẹni tó pa ẹni. Wọ́n wọ Yunifásítì, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn olùkọ́ wọlé padà, wọ́n jáde, wọ́n ṣe agùnbánirọ̀, wọ́n gbéyàwó, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ.

Kí àwọn àgbà má ṣe rẹ́rìn-ín. Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà kò jìnnà sí wa lójú ọ̀nà Oǹdó, nítorí náà àwọn bàbá wa náà ní oyè tiwọn. Níwájú ilé kan ní Ìrèmọ, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì a máa pàdé nídìí ayò ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí kò tíì ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ nínú wọn títí iye rẹ̀ fi sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé náà ti wà láti 1938, kò sì nípọn. Bàbá kan níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà Àgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í ké e láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé. Ohùn wọn rinlẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń kọjá dúró. Wọ́n ké e dé ibi ìlù àgídìgbo, wọ́n ké e kọjá ibẹ̀, wọ́n ké e dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní, wọ́n sì húkọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, wọ́n ní ta ló kàn láti ta ayò. Ọmọ kan tí kò lọ́gbọ́n lójú bá kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Àkàrà-oògùn àti Kàkó àti àwọn yòókù rin ìrìn àjò yẹn, kí ni Ìrágbèje bá wọn sọ?" Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù, ìparí ìtàn ni wọ́n máa ń sáré lọ. Ọ̀rọ̀ Ìrágbèje gba ọ̀pọ̀ ojú ìwé, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sì ni; ẹni tó ti dúró sí ojú ìwé kìíní láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kò lè sáré débẹ̀ lóòótọ́.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ní mo kórìíra kí ènìyàn ka ìwé lákàtúnkà. Ní ìlú tí Òkè-Ìtasẹ̀ wà, ta ni yóò kórìíra rẹ̀? Odù Ifá jẹ́ 256, babaláwo sì ń ké ẹsẹ̀ kan náà láti kékeré títí ewú fi gba orí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí babaláwo kan kí ẹni tó wá dáfá káàbọ̀, kí ó sì fi kún un pé, "Èyí ni yóò jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀ta tí mo ké Èjì Ogbè." Ìṣòro ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń wò. Ẹsẹ̀ tó ké fún aboyún lánàá, ó lè ké e fún oníṣòwò lónìí, kí ó sì ba oníkálukú níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, nítorí pé ohun tó gbé wọn wá kò jọra. Àwọn olóyè tiwa kò gbé nǹkan kan wá sídìí ìwé wọn ju bíírò lọ.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni ti Mayfair ní nínú ìwé kan ṣoṣo náà. Èyí tó ń kà ti já lẹ́yìn, ó fi téèpù dì í. Èkejì wà fún fọ́tò nìkan: yóò gbé e sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun nínú ooru oṣù kẹta, yóò gbé ife tíì tí kò ní mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò tan àbẹ́là ní ọ̀sán gangan, yóò sì gorí àga láti yà á. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé ìtàwé. Ó ní ti ìpamọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ girama, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá òun ní ọ̀kan. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ka òfin fún un: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ẹ̀bà, kò gbọdọ̀ ká ojú ìwé, kò gbọdọ̀ gbé e kúrò nínú yàrá, kò sì gbọdọ̀ ṣí i ju ìwọ̀n ìka méjì lọ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣẹ́. Ọmọ náà ní, "Bùọ̀dá mi, ṣé kí n máa yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ni?" Ó fi sílẹ̀ fún un. Owó tí wọ́n fún un nígbà ọdún ló fi lọ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Yunifásítì, ìdìpọ̀ kejì nìkan, nítorí pé òun nìkan ló wà nílẹ̀. Kò tíì ka orí kìíní tán. Ṣùgbọ́n ó ti fa ogún ìlà sí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti kọ "Ìgbà kìíní" sí ìlà òkè pátápátá, ó sì ti fọwọ́ sí i.