Kì í ṣe 1974 ni bákóòdù bẹ̀rẹ̀ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé 1974 ni wọ́n ṣe bákóòdù yẹn, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ máa ń kà lára ọjà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wò. 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú èyí tó wà lára ọjà lónìí ní káńtà, June 26, ní Marsh Supermarket ní Troy, Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣingọ́ọ̀mù Juicy Fruit sì ni, sẹ́ǹtì 67. Àmọ́ Joe Woodland àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Bernard Silver ti gba páténtì ẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, láti 1952! Woodland jókòó sétí òkun ní Miami, ó ti mọ Morse code, ìyẹn àmì tótó àti ìlà kékeré tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, láti kékeré, ló bá ń fi ìka tẹ àmì ẹ̀ sínú iyanrìn, ló bá fa ìka wálẹ̀, bí àwọn àmì yẹn ṣe di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìlà tó fẹ̀ nìyẹn. Iyanrìn lásán o!

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán an wò wá ńkọ́? Gílóòbù 500 watt ló wà nínú ẹ̀, ó tóbi tó dẹ́sìkì, ó sì ń mú kí bébà máa rú èéfín, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí káńtà? Àfìgbà tí lésà dé, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó lágbára. Bákóòdù yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Òbìrí ni wọ́n kọ́kọ́ yí àwọn ìlà ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, àmọ́ íǹkì máa ń fà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òbìrí á sì bàjẹ́, ni George Laurer ti iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM bá sọ ọ́ di ìlà tó nàró, tí íǹkì bá fà, ìlà á kàn gùn sí i ni, kò sí wàhálà.

Silver ò tiẹ̀ rí gbogbo ẹ̀, 1963 ló ti kú.