Béèsì tó ń gbá kọ́ la fi ń mọ hẹ́ẹ̀dìfóònù tó dára fún ọ̀nà

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village, n'Íkẹjà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra íapíìsì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á fi orin tí ìlù rẹ̀ wúwo sí i, á yí ohùn rẹ̀ dé òpin, á wá bi yín pé, "Ṣé ẹ gbọ́ béèsì yẹn?" Oníbàárà á mi orí, owó á sì jáde. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ariwo pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà èyí tó bá dún jù, tí ìlù rẹ̀ ń lu èèyàn láyà, ló máa bá ọ̀nà mu. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan náà ṣe dí etí yín tó ló ń pinnu bí orin ṣe máa dùn nínú dánfó.

Ẹ wo irú ariwo tó wà nínú ọkọ̀ ná. Ti ẹ́ńjìnnì, ti táyà lórí títì àti ti atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé, ariwo tó ń kùn nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn, ibẹ̀ náà sì ni ohùn ìlù àti gìtá béèsì wà. Ìlù ni ariwo ọkọ̀ ń kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù mọ́ á yí ohùn sókè, ohùn akọrin tí ariwo ò tíì bò á wá máa gún un létí. Íapíìsì tí wọ́n ti ki béèsì bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ò yanjú ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi 100 sí 200 Hz ni wọ́n ń kì í sí (Hz ni wọ́n fi ń ka bí ohùn ṣe wà nísàlẹ̀ tàbí lókè tó), níbi tó ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ akọrin lẹ́nu, ẹ ó sì tún yí i sókè kí ẹ lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ká ní ariwo inú ọkọ̀ jẹ́ 80 dB, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Bí íapíìsì bá kàn jókòó sẹ́nu etí lásán, irú èyí tí kò ní rọ́bà, orin á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 kẹ́ ẹ tó gbádùn ẹ̀. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ dí ihò etí dáadáa lè yọ nǹkan bíi 20 dB kúrò nínú ariwo yẹn. Ariwo á ku 60, orin tó wà ní 70 tàbí 75 á sì ti tó. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà NIOSH, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé kí etí má gba 85 dB ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Ìgbàkígbà tí 3 bá gun orí rẹ̀, wọ́n á gé àkókò náà sí ìdajì: 88 dB fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2, 94 fún wákàtí kan, 100 fún ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó mọ iye wákàtí tí òun ń lò nínú ọkọ̀.

Béèsì gan-an, ọ̀rọ̀ dídí etí ló wà nídìí ẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín rọ́bà àti ihò etí, béèsì ló ń kọ́kọ́ jò lọ, bí omi inú garawa tó lu. Ohùn tó wà lókè kì í fi bẹ́ẹ̀ jò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé íapíìsì tó dára "ò ní béèsì". Rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ látinú páálí ni wọ́n ń lò, àwọn yòókù ṣì wà nínú ọ̀rá. Kékeré, àárín àti ńlá ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Etí ọ̀tún àti tòsì lè má dọ́gba, kò sì sófin tó ní rọ́bà kan náà ni kẹ́ ẹ fi sí méjèèjì. Bí kò bá sí èyí tó bá yín mu, ẹ wá rọ́bà onífóòmù: ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ tì í bọ etí, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ dì í mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kó lè wú padà. Ó ń dí etí ju rọ́bà lásán lọ, àmọ́ kì í pẹ́ gbó, ẹ ó máa pààrọ̀ ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán íapíìsì wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fi orin sí i. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí yín sókè díẹ̀, ẹ ti íapíìsì náà bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fetí sí ariwo òde. Ó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ ìta dà bí èyí tó sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa sí i, kí ohùn má kọjá ìdajì, kẹ́ ẹ sì fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ sínú. Bí béèsì bá ṣàdédé pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe tì í, a jẹ́ pé ó ń jò. Ẹ gbé rọ́bà tó tóbi jù ú lọ. Ẹ lanu, ẹ ṣe bí ẹni ń jẹun, ẹ wò bóyá á tú. Bẹ́ ẹ bá ń fi méjì wéra, ẹ kọ́kọ́ mú kí ohùn wọn dọ́gba, torí pé èyí tó bá fi díẹ̀ dún ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tó dára. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ń bo etí mọ́lẹ̀ náà ń jò. Ọwọ́ awò ojú, irun dídì tó gba abẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ kọjá, etí gèlè, gbogbo wọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún béèsì láti jáde àti fún ariwo láti wọlé. Àwọn kan tún wà tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀, bíi Koss Porta Pro tó ti wà lórí igbá láti 1984. Orin rẹ̀ dùn gan-an nínú yàrá. Ẹ má gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

Àwọn mìíràn á ní kẹ́ ẹ kàn ra èyí tí wọ́n kọ ANC sí lára, ìyẹn èyí tó ń fi ẹ̀rọ pa ariwo ìta rẹ́. Ó wúlò, àmọ́ agbára rẹ̀ níbi tó mọ. Máíkì kékeré ara rẹ̀ ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ náà á sì gbé ìró tó lòdì sí i jáde kí méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Ariwo tó ń lọ geere, tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 1000 Hz, ló mọ̀ ọ́n mú. Bàálù ló bá mu jù. Inú bàálù ni Amar Bose, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Bose sílẹ̀, wà lọ́dún 1978 tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò tirẹ̀, àwọn awakọ̀ òfúrufú ni wọ́n sì kọ́kọ́ tà á fún lọ́dún 1989. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn náà bá a mu. Àmọ́ ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Ọ̀jọ́tà, họ́ọ̀nù, ọmọ tó ń ké, àti irin rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London níbi tó ti ń yà kọ́nà, rọ́bà tàbí tìmùtìmù ló ń dí wọn, ANC ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lu máíkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún lè máa hó létí yín. Ẹ pa á. Bẹ́ ẹ bá wà lórí ọ̀kadà tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ sọdá títì, ẹ yọ ọ́ létí.

Ti pé èyí tó wúwo lọ́wọ́ ló máa pẹ́ ńkọ́? Hẹ́ẹ̀dìfóònù Sennheiser HD 25, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1988, kò ju nǹkan bíi giráàmù 140 lọ láìka wáyà. Àwọn DJ ń lò ó nítorí pé tìmùtìmù, wáyà, ọ̀pá orí àti igbá etí rẹ̀ ló ṣe é rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì fi pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́. Ó ń fún etí díẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ fi sùn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ọlọ́jà nìyẹn: èwo ló ṣe é pààrọ̀?

Ọrùn wáyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, níbi tí irin jáàkì tó le ti pàdé wáyà tó rọ̀. Okùn bàbà tó tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí lójoojúmọ́ nínú àpò ṣòkòtò. Jáàkì tó tẹ̀ bí igun, tí rọ́bà ọrùn rẹ̀ gùn, máa ń pẹ́ jù. Bí ẹ bá ń rà, ẹ mi ọrùn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí orin ṣe ń lọ. Bó bá ń já, ẹ dá a padà. Fífi wáyà yí fóònù po ló ń pa á jù. Oníṣẹ́ lè gé e kó sì jó jáàkì tuntun mọ́ ọn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sun ọ̀dà ara okùn bàbà náà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀dì ò ní mú un. Èyí tí wáyà rẹ̀ ṣe é yọ ò nílò gbogbo wàhálà yẹn.

Fún èyí tí kò ní wáyà, bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ooru ló ń pa á, nítorí náà ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n gbé sóòrùn. Kẹ́ ẹ tó ra èyí tó ń bo etí, ẹ béèrè bóyá á ṣì máa kọrin pẹ̀lú wáyà bí bátìrì bá kú. Àwọn kan ò ní dún rárá. Wáyà yẹn náà lẹ ó fi gbọ́ fíìmù nínú ọ̀pọ̀ bàálù.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kékeré, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ìdọ̀tí etí tó dí àwọ̀n ẹnu rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ yọ rọ́bà rẹ̀, ẹ dojú àwọ̀n náà bolẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa já sínú, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó sì gbẹ, gbá a jáde. Rọ́bà nìkan lẹ lè fi omi àti ọṣẹ fọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó dá a padà.